Neocate LCP fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba mílíìkì: bí a ṣe lò ó nílé wa ní Àkúrẹ́

Neocate LCP ni fọ́múlà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ kò gba mílíìkì màlúù rárá ni wọ́n ń ṣe é fún, láti ọjọ́ ìbí títí di ọdún kan. Ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ mi. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé ìyá tó gbé ọmọ tó ń sunkún dání lóru, tó ń ka èyí lórí fóònù, kò ní àyè ìtàn gígùn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ rà á. Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ agolo yìí kì í ṣe òórùn rẹ̀, kì í sì í ṣe owó rẹ̀ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà ń dunni. Kí òmíràn wà nílẹ̀ kí èyí tí à ń lò tó tán, fún àwa tí à ń gbé Àkúrẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọmú nìkan ni ọmọ mi obìnrin ń mu níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́múlà tí gbogbo ènìyàn ń rà kún un. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ tí ọmọ máa ń pọ̀ sí aṣọ ìyá rẹ̀, bí kò ṣe èébì tó ń tú jáde lẹ́yìn oúnjẹ gbogbo. Ara rẹ̀ sú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ó ń fi ojú ra aṣọ ibùsùn nítorí pé ó ń yún un. Lẹ́yìn náà ni ohun tó dà bí ikun, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó wá burú débi pé bó bá ti rí ìgò báyìí, yóò yí ojú kúrò, yóò na ẹ̀yìn gbọọrọ, yóò sì máa ké. Ebi ń pa á, ẹ̀rù oúnjẹ sì ń bà á.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, jẹ̀díjẹ̀dí lèyí o, jẹ́ ká wá àgbo." Àwọn aládùúgbò ní eyín ló ń hù. N kò bínú sí Màmá. Bí àgbà bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọmọ, jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọ́mọ. Màmá yìí kan náà ló pọn ọmọ tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìwòsàn UNIMED níbí, tí wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà àwọn ọmọdé sọ.

Ìbéèrè ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀: kí ló ń mu, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn oúnjẹ kí èébì tó dé, ṣé ẹnìkan nínú ẹbí ní ikọ́ fée tàbí ara yíyún? Ó ṣàlàyé pé alẹ́jì mílíìkì kan wà tó máa ń yọ kíákíá, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì: ètè á wú, ara á lé, ọmọ lè má lè mí dáadáa. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni tìyẹn. Irú tó mú ọmọ mi ni èyí tó ń rọra wá, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í sábà fi hàn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni kí a yọ mílíìkì kúrò pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí a wò ó bóyá ara á tù ú, kí a sì dá mílíìkì padà lábẹ́ ojú dókítà láti mọ̀ bóyá àìsàn náà á tún yọjú.

Púrótéènì inú mílíìkì, casein àti whey, ni ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí: kì í ṣe ṣúgà inú mílíìkì, tí wọ́n ń pè ní lactose, ni. Agolo tí wọ́n kọ "lactose free" sí lára ṣì lè ní púrótéènì mílíìkì màlúù nínú, kò sì lè ran irú ọmọ yìí lọ́wọ́. Mílíìkì ewúrẹ́ náà kò yọni, púrótéènì rẹ̀ jọ ti màlúù jù. Sóyà inú ìgò tí wọ́n ń kiri lójú títì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa fún un. Kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́ rárá, èròjà tí ọmọ fi ń dàgbà kò pé nínú rẹ̀, àwọn ọmọ kan tí mílíìkì màlúù ń bá jà sì wà tí sóyà náà ń bá jà.

Oríṣi fọ́múlà méjì ni wọ́n ń kọ fún wọn. Èkíní ni èyí tí wọ́n ti gé púrótéènì mílíìkì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tó fi jẹ́ pé ara ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní dá a mọ̀ mọ́. Nutramigen, tó ti wà láti ọdún 1942, jẹ́ irú yìí, Aptamil Pepti náà sì wà níbẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó ní alẹ́jì mílíìkì, bíi mẹ́sàn-án ni irú yìí máa ń bá lára mu, owó rẹ̀ sì kéré sí ti èkejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ HA sí lára kò sí lára wọn o. Díẹ̀ ni wọ́n gé púrótéènì tirẹ̀, kì í ṣe ìtọ́jú fún ọmọ tí alẹ́jì ti mú. Oríṣi kejì kò ní púrótéènì mílíìkì kankan: amino acid, ìyẹn èròjà kéékèèké tí púrótéènì fi ń di púrótéènì, ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú glucose syrup, òróró, fítámì àti àwọn mínírà. Ibẹ̀ ni Neocate, EleCare àti Alfamino wà.

Èkíní ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wa. Èébì dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá, ìwọ̀n ọmọ lórí káàdì rẹ̀ sì dúró lójú kan. Ìgbà yẹn ni dókítà ní kí a bọ́ sórí Neocate. Ó ní kí n má dá ọmú dúró, àmọ́ kí èmi fúnra mi yẹra fún gbogbo ohun tó ní mílíìkì nínú, nítorí pé púrótéènì náà ń gba inú ọmú dé ara ọmọ. Ó sì kọ kálísíọ̀mù àti fítámì D fún mi.

Ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣí i. Kò jọ ti mílíìkì, ó sì korò díẹ̀ lẹ́nu. Bí gbogbo fọ́múlà amino acid ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin sábà máa ń gbà á láìjanpata, tèmi sì ti kọjá ìyẹn. Onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn ní kí n máa fi díẹ̀ sínú ọmú tí mo bá fún sílẹ̀, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ìgò ń bà á lẹ́rù, kọ́ọ̀bù kékeré àti ṣíbí la lò.

Ohun tí obìnrin onímọ̀ oúnjẹ yẹn tẹnu mọ́ jù ni pé a kò gbọ́dọ̀ rọ ọmọ. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: ọmọ á dùbúlẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, wọ́n á máa da ògì tàbí àgbo sí i, nígbà míì wọ́n á tún fún un nímú. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rọ tí a sì dàgbà, nítorí náà kò rọrùn láti sọ fún àgbàlagbà pé kó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì di nǹkan míì, àti pé ọmọ tí ẹ̀rù oúnjẹ ti ń bà tẹ́lẹ̀ á wá kórìíra rẹ̀ pátápátá. Obìnrin náà bá Màmá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Láti ọjọ́ náà, Màmá ni wọ́n ní sùúrù jù nínú ilé wa. Wọ́n á gbé ọmọ lé itan, á jókòó dáadáa, wọ́n á kọrin, wọ́n á dúró dè é títí tó fi máa la ẹnu fúnra rẹ̀. Bó bá yíjú, wọ́n á gbé kọ́ọ̀bù kúrò. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé sùúrù yẹn àti agolo yẹn ló jọ ṣe iṣẹ́ náà.

Èébì ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ dá lẹ́yìn rẹ̀. Awọ ara ló pẹ́ jù kó tó dán. Ìgbẹ́ rẹ̀ di aláwọ̀ ewé tó ṣú, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà, fọ́múlà yìí máa ń fà á. Nígbà tí ìlà orí káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo sunkún níwájú nọ́ọ̀sì.

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí. Ṣíbí inú agolo kan, tí ẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sí omi mílílítà 30. Kí owó má ṣe mú yín bomi là á. Omi púpọ̀ á kàn tan ọmọ jẹ bí ẹni pé ó yó, ọmọ á sì máa rù. Èyí tó ki jù á da ara ọmọ láàmú, ó sì lè gbẹ omi ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun fọ́múlà kì í ṣe ohun tí kòkòrò àrùn kò lè sí nínú rẹ̀, nítorí náà àjọ ìlera àgbáyé ní kí a fi omi tó hó, tí ìgbóná rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ ju 70 lórí ìwọ̀n Celsius, pò ó, kí a wá jẹ́ kó tutù kí ọmọ tó mu ún. Ẹ ka ara agolo yín o, torí pé èyí tó ní kòkòrò aṣaralóore, bíi Nutramigen tó ní LGG, kò fẹ́ omi gbígbóná. Bí iná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, n kì í po èyí tí màá gbé sínú fíríìjì. Èyí tó máa mu lásìkò náà ni mò ń pò, ohun tó bá ṣẹ́kù mo dà á nù.

Agolo náà jẹ́ gíráàmù 400. Bí ẹ bá pò ó tán, kò pé lítà mẹ́ta. Ọmọ tó ń mu mílílítà 700 lójúmọ́ á jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn agolo méje tàbí mẹ́jọ lóṣù bí kò bá mu ọmú rárá. Ọmú tí mi ò dá dúró ló gba àpò wa sílẹ̀. Mo wọ ilé oògùn láti Alágbàká dé Ọ̀yẹ́mẹkùn, ìdáhùn tí mo ń gbọ́ ni pé, "Ẹ san owó sílẹ̀, a máa bá yín mú un wá láti Èkó." Owó náà sì ń yí padà bí dọ́là bá ṣe mì. Ẹnìkan tó ń tajà lórí fóònù fi èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ránṣẹ́ sí mi, mo dá a padà. Ẹ máa wo ìdí agolo fún ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wò ó pé bébà abẹ́ ọmọrí rẹ̀ kò ya. Ẹ bẹ awakọ̀ kó má gbé e sínú búùtù pẹ̀lú oòrùn ọ̀nà Oǹdó sí Orẹ̀. Ẹ má sì gba Neocate Junior dípò LCP: ọmọ tó ti lé lọ́dún kan ló ni ín, ṣíbí ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ilé iṣẹ́ Abbott ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá àwọn fọ́múlà kan padà, EleCare lára wọn, tí wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ wọn ní Sturgis, ní Michigan, àwọn òbí tó wà níbẹ̀ gan-an wá fọ́múlà tì. Mo máa ń rántí ìyẹn bí agolo bá ti ku ìdajì.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, a bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ: ògì tí a kò da mílíìkì sí, iṣu gígún tó rọ̀, ẹ̀wà tí a bó, ẹja. Oúnjẹ wa níbí kò ní mílíìkì nínú púpọ̀, a dúpẹ́. Ohun tí à ń rà ló yẹ kí ẹ ṣọ́: búrẹ́dì, bisikíìtì, bọ́tà, Cerelac, wàrà àwọn Fúlàní. Bí ẹ bá rí whey, casein, caseinate tàbí skimmed milk lára ọ̀rá, ẹ gbé e padà sórí àtẹ.

Ó ti lé lọ́mọ ọdún kan báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ni alẹ́jì mílíìkì máa ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, dókítà ló sì máa sọ ìgbà tí a ó tún dán mílíìkì wò, láti orí èyí tí wọ́n yan mọ́ bisikíìtì. Bí dókítà bá kọ Neocate fún ọmọ yín, tí ẹ wà ní Àkúrẹ́, Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, ẹ wá ọlọ́jà méjì kí ẹ tó ṣí agolo àkọ́kọ́, kí ẹ má gbára lé ẹnìkan. Ẹ paṣẹ òmíràn nígbà tí agolo méjì tí ẹ kò tíì ṣí bá kù nílé. Kí ẹ sì ní kí dókítà kọ orúkọ fọ́múlà tí ẹ lè lò dípò rẹ̀ sínú ìwé, bó bá ṣẹlẹ̀ pé mọ́tò Èkó kò dé.