Ìkìlọ̀: Ẹ má fi ojú ìwé nìkan ra dáyámọ́ńdì

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtira òrùka dáyámọ́ńdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Òkúta tó ti sán ni wọ́n tà fún mi ní iye owó èyí tó mọ́ gaara. Ìwé ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ mi o. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n fi mú mi.

Abẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ yòò ni oníṣòwò náà gbé òrùka sí, òkúta ń kọ mànà. Ó ní VVS1 ni, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ipò mímọ́ tó ga, ó na ìwé sí mi, mo rí VVS1 níbẹ̀, mo sanwó. Nígbà tó yá, òrùka há mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kó bá mi fẹ̀ ẹ́. Bí iná rẹ̀ ṣe kan òrùka báyìí, ṣe ni òkúta ṣú bíi gíláàsì tí èèyàn mí sí lára. Ìlà kan là láti etí rẹ̀ wọ àárín.

Inú bí mi sí alágbẹ̀dẹ yẹn, mo rò pé òun ló bà á jẹ́. Ó ní kí n jókòó, ó sì là á yé mi. Òkúta náà ti sán tipẹ́. Wọ́n yọ́ gíláàsì tó ní òjé nínú, wọ́n dà á sí ojú sísán náà kó má bàa hàn. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú dáyámọ́ńdì kọjá ló ṣe ń gba inú irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú lásán kì í fi í rí i. Ṣùgbọ́n kò lè fara da iná alágbẹ̀dẹ. Dáyámọ́ńdì gidi ni o, kò sì sí ẹ̀sùn nínú títà á bí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ń rà á, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n gba owó òkúta tó mọ́, jìbìtì ni.

Ká ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n òkúta yìí ni, mi ò bá má ṣubú. GIA, ilé ẹ̀kọ́ àti àyẹ̀wò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931, ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti D, tí kò láwọ̀ rárá, dé Z. Ní ti mímọ́, awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 ni wọ́n fi ń wò ó: FL, tí kò ní àbùkù kankan, ló ga jù, IF tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà VVS, VS, SI, títí dé I3 tó kéré jù. VVS1 túmọ̀ sí pé ó ṣòro gan-an fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàápàá láti rí àbùkù rẹ̀ pẹ̀lú awò yẹn. GIA kì í sì fún òkúta tí wọ́n fi gíláàsì dí ní ipò kankan. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé kí ni ìwé sọ, ẹ jẹ́ ká béèrè pé ta ló kọ ọ́. Orúkọ tó wà lórí tèmi, mi ò rí i níbì kankan mọ́ títí dòní.

Ẹ yá awò, ẹ rọra máa yí òkúta sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ bá rí ìlà tó ń kọ àwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ búlúù, tó ń pàrọ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, gíláàsì wà níbẹ̀.

Ìwọ̀n náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Káráàtì 1 jẹ́ gíráàmù 0.2, àmọ́ àwọn kan máa ń ro gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ara òrùka pọ̀ mọ́ ti àárín. Àwọn mìíràn á gé òkúta kó jinlẹ̀ jù, kó lè wúwo. Dáyámọ́ńdì róbótó oní káráàtì 1 tí wọ́n gé dáadáa máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 6.5. Lójú tèmi, gígé ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń mú òkúta tàn.

Ẹ̀tàn tó tún burú ni ti nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa ń fín sí etí òkúta. GIA fúnra rẹ̀ ti rí òkúta tí wọ́n ṣe nínú ilé iṣẹ́, tí wọ́n fín nọ́ńbà ìwé òkúta mìíràn tó ti inú ilẹ̀ wá sí etí rẹ̀. Yíyẹ nọ́ńbà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ẹ wọn òkúta náà, ẹ fi ìwúwo àti mìlímítà rẹ̀ wé ti inú ìwé, nígbà tí wọn ò tíì dè é mọ́ òrùka.

Nígbà tí mo padà lọ bá oníṣòwò náà, ó ní alágbẹ̀dẹ ló jó òkúta òun. Rìsíìtì tó fún mi, “òrùka dáyámọ́ńdì 1” péré ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì tiyín pé inú ilẹ̀ ni òkúta ti wá, pé wọn kò fi nǹkan kan dí i, kí ìwúwo rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ dá òkúta rẹ̀ padà fún un.