Aago gáàsì tí mo gbé kọ́ sí kíṣìnì: oṣù mẹ́jọ rèé

Kì í ṣe aago tí à ń wò mọ àkókò o. Àpótí funfun kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó lókùn kan tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí gáàsì bá ń jò nínú ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Lágere ni mo ti rà á. ₦15,000 lẹni tó ń tà á pè é, a ná an títí ó fi gba ₦13,000.

Oníṣẹ́ iná tó bá wa kọ́ ọ nílé wa ní Parakin gbé e lọ sókè téńté, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Mo ní ṣé ibẹ̀ ló yẹ kó wà? Ó ní, "Màmá Déjì, ṣé èéfín kì í gòkè ni?" Mo gbà fún un, èmi náà ò ṣáà mọ̀. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó ka ìwé tó wà nínú páálí. Àwòrán méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan gbé aago sókè, èkejì gbé e sílẹ̀. Ti òkè wà fún gáàsì tí wọ́n ń fa wọlé bí omi ẹ̀rọ nílùú òyìnbó, torí ìyẹn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Tiwa tó ń bẹ nínú sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ dáadáa. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rá gba lọ, á lọ lúgọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, á máa retí ẹni tó máa ṣáná. Aago tó wà lókè àjà, kí ló fẹ́ gbọ́? Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni yìí padà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tí kò ju nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà lọ sí ilẹ̀, ó sì tún gba ₦2,000 lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ìwé lẹ ó máa kà!" Bí n ò bá kà á ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Déjì lọ rọ gáàsì sínú sílíńdà 12.5 kg wa, ó gbé kẹ̀kẹ́ dé, ó sì so régúlétọ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Mo jókòó ní pálọ̀, mò ń bẹ iṣu, ọ̀fìnkìn sì ti dí mi nímú láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Àfi gooro! Gáàsì fúnra rẹ̀ ò lóòórùn, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pò òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ yẹn mọ́ ọn kí imú lè mọ̀ bó bá jò. Ṣùgbọ́n imú tèmi lọ́jọ́ náà, ẹ bá gbé odindi ẹyin tó bàjẹ́ síwájú rẹ̀, kò ní mọ̀. Déjì ti nawọ́ sí suwíìṣì kó tanná wò ó. Mo kígbe mọ́ ọn, "Má fọwọ́ kàn án!" Iná tó bá tàn kó wà ní títàn, èyí tó bá kú kó wà ní kíkú, torí iná tín-ín-tín tó máa ń ta nínú suwíìṣì ti tó láti mú gáàsì gbiná. Mo ti ẹnu sílíńdà, a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbogbo wa bọ́ sí àgbàlá.

Nígbà tí òórùn náà lọ tán, mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo ṣí sílíńdà díẹ̀, mo sì fi kànìnkànìn ta á sí gbogbo ibi tí wọ́n ti so mọ́ra. Rọ́bà tó lọ láti régúlétọ̀ dé kúkà ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí régúlétọ̀ ti gbá ẹnu sílíńdà mú gan-an ló ń hó yẹ́ẹ́, bí ẹnu akàn. Rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ló ti là. ₦300 péré!

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, aago yìí ti di òkúta. Kò ní bátìrì kankan, ẹni tó tà á fún mi ò sì sọ. Bó ṣe jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn láti máa mú un lọ ládùúgbò wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sùn láìsí aago kí n tó so ó mọ́ ínfátà. Tí ẹ bá máa rà, ẹ ra oníbátìrì, ẹ má wo iye owó tó fi lé.

Ó tún máa ń han lásán. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Iléṣà, wọ́n fọ́n fílíìtì sí kíṣìnì nítorí aáyán, aago bú sígbe. Ìyá ju agolo sílẹ̀: "Ìyàwó mi, kí ni mo fi ṣe é?" Títí di òní, wọn kì í kọjá níbẹ̀ láìdójú lé e.

Ẹ má rò pé ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan o. Bí iná kúkà bá ń pọ́n, tó ń dúdú sídìí ìkòkò dípò kó máa jó búlúù, èéfín olóró tí kò lóòórùn lè máa jáde, irú èyí tó ń bẹ nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Aago yìí ò mọ ìyẹn rárá. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ìwé inú páálí ní ọdún 5 ni kí n lò ó kí n pààrọ̀ rẹ̀, mo ti fi báírò kọ oṣù tí mo rà á sẹ́yìn rẹ̀. Nínú máàkì 10, mo fún un ní 7. Méjì nínú mẹ́ta tí mo yọ, ti bátìrì ni. Ìkẹta jẹ́ ti okùn rẹ̀ tó kúrú bí ìrù ewúrẹ́.