Ilé tó dagun nínú fọ́tò: lẹ́ǹsì shift ni àbí Lightroom?

Bí a bá gbé ojú kámẹ́rà sókè kí orí ilé gíga lè wọ inú fọ́tò, ògiri ọ̀tún àti ti òsì á máa súnmọ́ra lókè, bíi pé ilé fẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

Lẹ́ǹsì shift, irú TS-E 24mm tí Canon gbé jáde ní 1991, kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ rárá: kámẹ́rà á dúró ṣánṣán, lẹ́ǹsì nìkan la ó sún sókè. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ọwọ́ la sì fi ń wá fókọ́ọ̀sì rẹ̀.

Upright, irinṣẹ́ tó ń tọ́ ilé tó dagun, tó wọ inú Lightroom (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe) ní 2013, kò ju títẹ bọ́tìnnì kan lọ. Àmọ́ ńṣe ló ń fa òkè fọ́tò fẹ̀, ibẹ̀ kò ní hàn kedere mọ́, igun ìsàlẹ̀ méjèèjì á sì ṣófo, àfi ká gé e. Ẹ yáa fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà á (ẹni tó yà á kún bámúbámú, etí ilé ló máa gé).

Lójú tèmi, ẹni tí kì í ya ilé gbowó kò nílò lẹ́ǹsì yẹn. Kó rìn sẹ́yìn díẹ̀, kó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún Lightroom. Kó má kàn tọ́ ọ tán pátápátá, torí á dà bíi pé orí ilé tóbi ju ìdí lọ.