Sípírókẹ́ẹ̀tì 40 àbí 08B? Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n kí ẹ tó sanwó

Sípírókẹ́ẹ̀tì ni kẹ̀kẹ́ eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí; 40 àti 08B jẹ́ nọ́ńbà ìwọ̀n ṣéènì. Ẹ gbé ṣéènì 40 àti ṣéènì 08B sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti àárín píìnì kan dé àárín píìnì tó tẹ̀lé e, mílímítà 12.7 ni méjèèjì, ìyẹn ìlàjì ìnṣì. Ibi rólà, ìyẹn irin roboto tó ń jókòó sáàárín eyín, ni wọ́n ti yàtọ̀: ti 40 ki ní mílímítà 7.92, ti 08B ki ní 8.51. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó mílímítà kan, síbẹ̀ òun ló dá ẹ̀rọ tí mo fi ń po oúnjẹ adìyẹ dúró. Ṣéènì 08B ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ta sípírókẹ́ẹ̀tì 40 fún mi, wọ́n ní ìkan náà ni. Rólà kò ráyè jókòó sáàárín eyín, ńṣe ló ń gun eyín lórí. Kò pẹ́ tí eyín fi tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ni ṣéènì bá ń fò.

Ẹ fi wọ́n wé ara wọn, mílímítà ni gbogbo rẹ̀ (fífẹ̀ inú ni àyè tí eyín ń wọ̀ nínú ṣéènì):

| Ṣéènì | Píìnì sí píìnì | Kíki rólà | Fífẹ̀ inú |
|---|---|---|---|
| 40 | 12.7 | 7.92 | 7.94 |
| 08B | 12.7 | 8.51 | 7.75 |
| 50 | 15.875 | 10.16 | 9.53 |
| 10B | 15.875 | 10.16 | 9.65 |
| 60 | 19.05 | 11.91 | 12.70 |
| 12B | 19.05 | 12.07 | 11.68 |

Ìlànà Amẹ́ríkà ń fi ìdámẹ́jọ ìnṣì ka àlàfo píìnì sí píìnì: 40 jẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́jọ, 60 jẹ́ mẹ́fà. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ní B lẹ́yìn, ń fi ìdámẹ́rìndínlógún kà, nítorí náà 08B jẹ́ mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún. Rólà 50 àti 10B dọ́gba, wọ́n sì sábà máa ń gba ara wọn. 60 àti 12B kò rí bẹ́ẹ̀; eyín 60 á fẹ́ há sínú ṣéènì 12B. Ẹ ṣọ́ra fún 41 náà: àlàfo píìnì sí píìnì rẹ̀ bá ti 40 mu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ju 6.35 lọ, eyín 40 kò lè wọ ibẹ̀. Ṣéènì 428 tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ń kọ́? Rólà 8.51 ló ní, ẹbí 08B ni.

Ní ti ara sípírókẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, oríṣi A pẹlẹbẹ bí àwo, kò ní họ́ọ̀bù (ọrùn tó yọ síta níbi tí ṣáàfù ń gbà kọjá), ẹ ó jó o tàbí kí ẹ fi bóòtì dè é mọ́ nǹkan mìíràn. B ní họ́ọ̀bù lápá kan, òun ló wọ́pọ̀ jù. C ní in lápá méjèèjì, fún èyí tó tóbi tó sì ń ru ẹrù wúwo. Taper-lock, èyí tí búùṣì ọlọ́tọ̀ ń dì mọ́ ṣáàfù, wọ́n jù B lọ, àmọ́ búùṣì rẹ̀ ń tú láìlo òòlù. Bí ẹ bá máa ń tú ṣáàfù léraléra, òun ni mo fọwọ́ sí, nítorí òòlù máa ń ba béárìn jẹ́.

Iye eyín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ẹ̀dínwó. Nínú sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí èyí tó kéré lọ sísàlẹ̀ eyín 17 bí àyè bá wà. Lórí eyín 11, eré ṣéènì ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100, ìyẹn ni ẹ̀rọ fi ń gbọ̀n. Lórí 17, kò tó ìdá 2. Tí àlàfo píìnì sí píìnì bá jẹ́ 12.7, òbìrí tí píìnì ń tọ̀ lórí eyín 17 á fẹ̀ ní mílímítà 69.1, ti eyín 40 á jẹ́ 161.9. Ẹ wo àyè inú ẹ̀rọ yín kí ẹ tó yàn. Eyín 17 tó ń wa 51 á dín eré kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ wọn ṣéènì àtijọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ nà án gan-an, kí ẹ ka àlàfo mẹ́wàá láti píìnì kìíní dé ìkọkànlá. Bí ó bá jẹ́ 12.7, mílímítà 127 ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá ti di 130, á jẹ eyín tuntun ní kíákíá, nítorí náà ẹ ra ṣéènì pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.