Sílábọ́ọ̀sì olófin àbí sílábọ́ọ̀sì oníbéèrè?

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ọ̀sì ìtàn Yorùbá ní yunifásítì. Sílábọ́ọ̀sì kan fi òfin bẹ̀rẹ̀: ẹni tí wíwá sí kíláàsì rẹ̀ kò bá pé ìdá 75 nínú 100 kò ní ṣèdánwò. Ó wá to àkòrí tẹ̀ lé e: “Ọ̀sẹ̀ kẹta: Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ta ni yóò tún un kà?

Èkejì béèrè pé: “Kí ló mú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn? Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886. Kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun ò tètè túká?” Akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa jiyàn kí olùkọ́ tó wọlé. Èyí ni mo fara mọ́ tọkàntọkàn. Òfin ò ṣeé yọ o. Ẹ gbé e sí ojú ìwé kejì, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.