Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù tí a ki káàdì bọ̀, àbí èyí tí ẹ tò fúnra yín? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gbá géèmù pẹ̀lú owó díẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ tó sì fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè gbé géèmù òde òní. Àkọ́kọ́ ni kó ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù, irú Dell OptiPlex, HP EliteDesk tàbí Lenovo ThinkCentre, kó ki graphics card (káàdì tó ń ya àwòrán géèmù) bọ̀ ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géèmù. Èkejì ni kó ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tò ó fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń polówó ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í parọ́ nípa iye tí wọ́n ra àpótí náà. Ohun tí àpótí náà yóò tún béèrè lẹ́yìn tó bá délé ni wọ́n máa ń fò.

A ò ní padà sórí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, pé SSD yá ju hard disk lọ, pé RAM 8GB ò tó mọ́. Ibi tí owó ti ń ṣòfò la fẹ́ dúró sí.

Processor

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹ má ra èyí tí processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) dàgbà ju Intel ìran kẹjọ lọ. i5-8500 ní core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́) mẹ́fà, i7-8700 ní core mẹ́fà pẹ̀lú thread (ìlà iṣẹ́ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan) méjìlá. Àwọn méjèèjì ṣì ń gbìyànjú. i5-6500 ní core mẹ́rin péré, géèmù tuntun á sì máa dákú dájí lórí rẹ̀ bó ti wù kí káàdì yín lágbára tó. Yàtọ̀ sí èyí, Windows 11 kò fọwọ́ sí i5-6500 tàbí i7-7700, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025.

Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ tò, Ryzen 5 5600 tàbí i5-12400F. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Ryzen 5 5500 rọ́pò 5600 fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n. 16MB ni cache L3 (ìrántí kékeré inú processor) ti 5500, 32MB ni ti 5600, PCIe 3.0 ni 5500 ń lò, PCIe 4.0 ni 5600 (PCIe ni ọ̀nà tí data ń gbà láàárín processor àti graphics card). Ẹ rántí pé 5600 àti gbogbo Intel tó ní lẹ́tà F ní ìparí kò ní káàdì inú ara wọn, nítorí náà bí graphics card yín kò bá tíì dé, ojú monitor á ṣókùnkùn, kì í ṣe pé nǹkan kan bàjẹ́. Motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń wọ̀) B450 tó ti pẹ́ ní páálí lè má dá 5600 mọ̀ títí ẹ ó fi ṣe BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) ní tuntun. Ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì BIOS Flashback, tí ẹ lè fi flash drive ṣe é láìsí processor lórí rẹ̀.

Iná

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ gidi wà. Ihò tí graphics card ń wọ̀ lórí motherboard kò gbọdọ̀ fún káàdì ní ju 75W lọ. Káàdì tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á gba ìyókù tààrà lọ́wọ́ power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà), láti inú wáyà 6-pin (75W) tàbí 8-pin (150W). Ẹ wá ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wò. 290W ni power supply tó sábà máa ń wà nínú OptiPlex 9020 tower. Nínú 7050 tower, 240W ni. Wọn kì í sábà ní wáyà kankan fún káàdì, torí àwọn tó ṣe wọ́n kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò gbá géèmù lórí wọn.

Ìwọ̀nba káàdì díẹ̀ ló wá kù fún yín: GTX 1650 (75W, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ṣe ihò 6-pin sí lára), RX 6400 (53W) àti RTX 3050 oní-6GB (70W). Èyí tó kẹ́yìn ló dára jù nínú wọn. RX 6400 ní ọ̀fìn tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: lane (ojú ọ̀nà) PCIe mẹ́rin péré ló ń lò. Kò burú lórí PCIe 4.0. Ṣùgbọ́n PCIe 3.0 ni kọ̀ǹpútà Intel ìran kẹjọ ní, ọ̀nà tí data ń gbà á sì di ìdajì níbẹ̀. Bí 4GB VRAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí ti káàdì fúnra rẹ̀, bá ti kún, ẹ ó rí i lójú géèmù yín. Kò tún ní encoder (ẹ̀yà tó ń sọ àwòrán di fídíò), nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ máa ká fídíò géèmù yín sílẹ̀, processor ni yóò ru ẹrù náà.

Ẹ lè bi wá pé kí ló dé tí a ò kàn pààrọ̀ power supply. Motherboard ọ́fíìsì kì í sábà lo pulọ́ọ̀gì 24-pin tí gbogbo ayé ń lò ni. OptiPlex 9020 ń lo 8-pin, 7050 ń lo 6-pin, ọ̀pọ̀ ThinkCentre ń lo 10-pin tàbí 14-pin. Adapter wà tó ń so 24-pin mọ́ wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n ṣe fún model yín gan-an. Pé iye pin bára mu kò ní kí ètò wáyà inú wọn bára mu: adapter 6-pin ti ilé iṣẹ́ kan lè jó motherboard ti òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ní láti wọn àpótí náà wò bóyá power supply ATX (ìwọ̀n tó wọ́pọ̀) yóò wọ inú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni kò gbà á. Nígbà tí ẹ bá fi máa ra adapter, ra power supply gidi, tí ẹ sì gé irin àpótí, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ ti wọlé ẹlòmíràn.

Èyí tó burú jù ni wáyà olówó pọ́ọ́kú tó ń sọ SATA (pulọ́ọ̀gì iná ti hard disk àti SSD) di 6-pin. Orí SATA ní pin mẹ́ta fún 12V, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ gbé ju 1.5A lọ. 4.5A lọ́nà 12, 54W nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 75W ni káàdì gbà pé 6-pin yóò fún òun. Ike orí rẹ̀ á gbóná, á yọ́, nígbà míì á gbaná. Ẹ má lò ó, bí wọ́n tilẹ̀ fi í kún káàdì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ń to tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n power supply tó ń parọ́ wà lọ́nà tirẹ̀. Ẹ má ka nọ́ńbà ńlá iwájú páálí. Ẹ wo tábìlì kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí ẹ fi ampere ibẹ̀ lọ́nà 12. Bí wọ́n bá kọ 600W síwájú tí 12V sì jẹ́ 22A, 264W lẹ rà. Ojúlówó 550W máa ń ní nǹkan bí 45A lórí 12V. Àmì 80 Plus ń sọ bí iná tó ń ṣòfò ṣe kéré tó, kò sọ pé ẹ̀yà gidi ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì pupa 115/230 lẹ́yìn rẹ̀, ètò àtijọ́ ni, ẹ gbé e padà sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n dárúkọ OCP, OVP, OPP àti SCP (ààbò tó ń pa á fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù tàbí wáyà bá kan ara wọn), kí warranty rẹ̀ sì tó ọdún márùn-ún.

Mélòó ló tó? Ryzen 5 5600 kì í jẹ ju 76W lọ bí ẹ ò bá fọwọ́ kan ètò rẹ̀. RX 6600 ń jẹ 132W. Ẹ fi 50W kún un fún motherboard, RAM, SSD àti fáànù, ó ti di nǹkan bí 260W. Káàdì máa ń já iná gbà lójijì ju iye yìí lọ, kó tó ṣẹ́jú ó ti rọlẹ̀, nítorí náà 500W tàbí 550W tó jẹ́ òótọ́ tó o. 750W ayédèrú kò sàn jù ú lọ.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ̀ bí power supply bá kúrú: kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows, ṣùgbọ́n bí géèmù bá ti dé ibi tó wúwo, á kú fin-ín tàbí kó tún ara rẹ̀ tàn, láìsí ojú búlúù kankan. Kernel-Power 41 nìkan lẹ ó bá nínú Event Viewer (ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí). Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá káàdì lẹ́bi. Wọ́n á dá a padà, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ á tún ṣe bákan náà. Ẹ kọ́kọ́ fi MSI Afterburner (ètò tó ń ṣàkóso káàdì) fa power limit káàdì (iye iná tó lè jẹ) wálẹ̀ dé ibi tó lè dé, kí ẹ sì dá frame (àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) dúró sí 60. Bí kíkú náà bá dáwọ́ dúró, power supply ni kí ẹ fura sí.

Bó bá sì jẹ́ power supply modular (èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ) lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ kó gbogbo wáyà ti àtijọ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Orí tó ń wọ SSD bára mu níbi gbogbo, orí tó ń wọ power supply kò bára mu; 12V lè gba ibi tí SSD ti ń retí 5V, SSD lọ nìyẹn. Ẹ tún ṣọ́ra fún 8-pin processor (4+4) àti 8-pin káàdì (6+2), wọ́n jọra lójú. Èyí tó bá ń kọ̀ láti wọlé, ẹ má fipá tì í.

Graphics card

Fún ẹni tó to tirẹ̀, RX 6600 oní-8GB ni. Iná tó ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti RTX 3050 oní-8GB (130W) lọ, ó sì yá jù ú lọ dáadáa. Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ fídíò mọ́ géèmù, RTX 3060 oní-12GB (170W) náà dára. Intel Arc A750 ò burú, àmọ́ ẹ má ki í bọ kọ̀ǹpútà tí kò ní Resizable BAR (ètò tó ń jẹ́ kí processor rí gbogbo VRAM lẹ́ẹ̀kan).

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi GPU-Z (ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì) yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. RX 580 tòótọ́ ní shader (ẹ̀ka tó ń ya àwòrán) 2304. Bí ẹ bá rí 2048, agbára RX 570 lẹ ń rà. GTX 1060 oní-3GB kì í ṣe 1060 oní-6GB tí wọ́n kàn dín VRAM rẹ̀ kù, shader rẹ̀ gan-an kéré jù: 1152 sí 1280. Káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú BIOS èké, GPU-Z á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀.

Ìyókù

RAM: 8GB méjì, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, èkejì àti ìkẹrin sí processor ni kí ẹ lò. Ẹ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sá iye tí wọ́n kọ sí i) nínú BIOS, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ RAM 3200 á máa sá 2133 tàbí 2400. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní XMP rárá.

SSD: NVMe (irú SSD tó ń gba PCIe) oní-TLC (irú chip ìrántí). OptiPlex 9020 kì í boot (bẹ̀rẹ̀) láti orí NVMe fúnra rẹ̀, SATA ni kí ẹ rà fún un.

Àpótí: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní SFF, káàdì low-profile (èyí tó kúrú) nìkan ló ń gbà. Inú tower náà, ẹ wọn gígùn káàdì mọ́ ibi tí wọ́n ń gbé hard disk sí.

Ìdájọ́

Méjèèjì ló ní ẹni tó bá mu. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì dára fún ẹni tó ń gbá Valorant, League of Legends tàbí Minecraft lórí 1080p, tó rí tower tó ní i5-8500 àti RAM 16GB, tó sì gbà pé RTX 3050 oní-6GB ni òpin ibi tí òun lè dé. (Lórí Windows 11, Valorant ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot, tí wọ́n jẹ́ ètò ààbò. Ẹ lọ tàn wọ́n nínú BIOS.) Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá yẹ̀, ẹ fi àpótí náà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi í tẹ lẹ́tà.

Gbogbo ẹlòmíràn, ẹ lọ to tiyín: Ryzen 5 5600, motherboard B550, 8GB méjì 3200, SSD 1TB, RX 6600, power supply 550W tó ṣeé gbọ́kàn lé. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ṣùgbọ́n power supply, SSD àti àpótí yẹn ló ń tẹ̀ lé yín dé orí kọ̀ǹpútà tó kàn.

Bí owó ò bá tíì ká graphics card, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ryzen 5 5600G tó ní káàdì nínú, kí ẹ ra RX 6600 tó bá yá. 16MB ni cache rẹ̀, PCIe 3.0 ló sì ń lò, nítorí náà kò ní tó 5600 lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ má sì fi RAM ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀: káàdì inú processor kò ní VRAM tirẹ̀, RAM yẹn náà ló ń lò, ẹyọ kan á sì gé ọ̀nà tí data ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí ìdajì.