Àpótí NAS tí mo rà fún ṣọ́ọ̀bù òògùn wa: ó dáa fún fáìlì, àmọ́ dátábéèsì kọ̀ kò dìde lórí ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń lo àpótí NAS yìí, ìyẹn àpótí háàdì dísìkì tí gbogbo kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ̀kì lè kó fáìlì sí, mo ní kí n sọ ohun tójú mi rí, torí ìgbà tí wàhálà dé bá mi, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ṣa ìdáhùn jọ káàkiri, kò síbi tí mo ti rí gbogbo ẹ̀ lójú kan. N ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì tó ṣe é, torí àpótí yòówù kéèyàn lò bí mo ṣe lo tèmi, ohun kan náà ló máa fojú ẹni rí.

Ìyàwó mi ló ni ṣọ́ọ̀bù òògùn ní Ìbàdàn níbí. Kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n fi ń tajà níwájú, ọ̀kan kékeré wà lẹ́yìn tó ń ṣe sáfà, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, PostgreSQL 15, dátábéèsì wa nìyẹn, sì ń ṣiṣẹ́ nínú Docker, tó ń fi ètò sínú àpò tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní container. Ibẹ̀ ni iye òògùn tó kù lórí pẹpẹ, ọjọ́ tí kálukú wọn máa bàjẹ́, owó táwọn kọsítọ́mà jẹ wá, gbogbo ẹ̀ pátá. Àpótí náà gba háàdì dísìkì méjì, 4TB 4TB ni mo fi sí i, ohun tó bá wọ ọ̀kan á wọ ìkejì.

Ibi tó ti dáa, ó dáa gan-an. Lóṣù kẹjọ dísìkì kan kú, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í han, mo ra òmíì mo kì í bọ̀ ọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti da gbogbo nǹkan kọ tán sórí tuntun. Fọ́tò kan ṣoṣo ò sọnù.

Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí dísìkì ti jẹ́ méjì, ibẹ̀ ni ọkàn èèyàn ti máa balẹ̀ jù lórí dátábéèsì. Mo bá gbé fódà tí PostgreSQL ń kó dátà sí, ó di orí àpótí.

SMB, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ̀kì, ni mo kọ́kọ́ fi so ó, torí òun làwọn Windows iwájú ń lò. PostgreSQL ò tiẹ̀ dìde rárá. Mo wo lọ́ọ̀gì, mo rí chown: changing ownership of '/var/lib/postgresql/data': Operation not permitted. Ṣé ẹ rí i, PostgreSQL fẹ́ kí fódà yẹn jẹ́ tòun gan-an, SMB sì rèé, orúkọ tẹ́ ẹ bá fi so ó ló máa lẹ̀ mọ́ gbogbo fáìlì, container ò lè yí i padà. Mo kọ̀wé sáwọn tó ń ran kọsítọ́mà lọ́wọ́ níbi tí mo ti rà á, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin wọ́n ní kí n fi 777 sí fódà, ìyẹn àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni lè kà á kó sì kọ sínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka eléyìí, ẹ má ṣe é. PostgreSQL á wò ó, á rí i pé gbogbo ayé ló lè wọbẹ̀, á sì kọ̀ jálẹ̀. 0700 ló ń fẹ́ (ẹni tó ni ín nìkan), láti version 11 ó tún ń gba 0750 (ẹgbẹ́ ẹ̀ náà lè kà á), kò gba òmíì.

Mo bọ́ sórí NFS, ọ̀nà tí Linux fi ń pín fáìlì. Ìyẹn náà kọ́kọ́ kọ̀, torí root_squash wà ní títàn lórí àpótí, ìyẹn ni pé root (ọ̀gá pátápátá lórí Linux) tó bá ti kọ̀ǹpútà míì wá, wọ́n á gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀, á di nobody. Mo ní kó má gba agbára lọ́wọ́ root mọ́, àmọ́ IP sáfà yẹn nìkan ni mo fún, ẹ má ṣí i fún gbogbo nẹ́tíwọ̀kì o. Lẹ́yìn ìyẹn fódà di ti 999, nọ́ńbà tí postgres ń jẹ́ nínú image (ẹ̀dà ètò tí Docker ń gbé dìde) tí mo ń lò nìyẹn, tó bá jẹ́ image alpine lẹ lò, 70 ni. Ó dìde. Inú mi dùn, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà.

Àfi ọjọ́ tí iná lọ lálẹ́ tí ínfátà náà kú kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí iná máa dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà, sáfà kékeré yẹn ti tàn kí ìṣẹ́jú kan tó pé, àpótí ní tiẹ̀ ń lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Docker ò dúró de ẹnikẹ́ni, ó gbé PostgreSQL dìde, PostgreSQL débẹ̀ ó bá fódà lófìfo, ó gbà pé dátábéèsì tuntun là ń fẹ́, ó sì dá tuntun sílẹ̀. Ìyàwó mi pè mí, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀, mi ò rí òògùn kankan lórí kọ̀ǹpútà, òdo ni gbogbo ẹ̀." Àyà mi já.

Ohun tó wá dà mí láàmú jù ni pé nígbà tí mo fi ls wo fódà látorí sáfà, gbogbo fáìlì pé síbẹ̀, síbẹ̀ PostgreSQL ní òun ò rí nǹkan kan. Mo lò tó wákàtí méjì nídìí ẹ̀ kó tó yé mi. Àpótí ti tàn tán nígbà tó yá, ó ti bo fódà òfìfo yẹn mọ́lẹ̀, àmọ́ container ti di ti abẹ́ yẹn mú kó tó dé, kò sì ní fi í sílẹ̀ àfi téèyàn bá dá a dúró kó tó tún un gbé dìde. Mo ṣe docker compose down, mo ṣe up, òògùn padà sórí pẹpẹ. Mo jókòó síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìlà kan ṣoṣo ló wo eléyìí sàn, RequiresMountsFor nínú systemd (ètò tó ń gbé nǹkan dìde nígbà tí Ubuntu bá ń tàn), mo kọ ọ́ fún Docker pé tí fódà yẹn ò bá tíì so, kó má dìde. Ní tèmi o, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí dátábéèsì kọ̀ kó má dìde rárá ju kó dìde lófìfo lọ, torí èyí tó dìde lófìfo, wọ́n á ti máa tajà sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fura.

Mo rò pé ó ti tán. Lóṣù kọkànlá, nẹ́tíwọ̀kì àpótí dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń tajà lọ́wọ́. Èmi sì ti fi soft so NFS, torí mo kà á níbì kan pé kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà há. Òótọ́ ni, kì í há, àmọ́ tí àpótí ò bá dáhùn, ṣe ló máa sọ fún PostgreSQL pé ohun tó ń kọ ò wọlé, á sì já a jù sílẹ̀. Ìwé PostgreSQL fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé hard, tó máa ń dúró títí àpótí á fi dáhùn, ni dandan tó bá kan NFS. Nígbà tí mo máa tún un gbé dìde, PANIC: could not locate a valid checkpoint record, ìyẹn ni pé kò rí ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀. Kò dìde mọ́ títí ayé.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lo pg_resetwal. Ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ kó dìde lóòótọ́, àmọ́ àkọsílẹ̀ ohun tí ò tíì parí ló máa sọ nù, iye inú dátábéèsì lè má bára mu mọ́, kẹ́ ẹ wá máa ta òògùn pẹ̀lú iye yẹn! Mo kọ́kọ́ da gbogbo fódà náà kọ síbòmíì bó ṣe wà, lẹ́yìn náà mo mú pg_dump òru àná (ẹ̀dà dátábéèsì tí a ti kó pamọ́), mo dá a padà sórí SSD, dísìkì inú sáfà. Ọjà tí wọ́n tà ní ìdajì ọjọ́ yẹn lọ. Ìyàwó mi àti ọmọ tó ń bá a tajà jókòó ti rìsíìtì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí, torí kì í ṣe àwọn ló fà á.

Orí SSD yẹn náà ló wà dòní. Wákàtí wákàtí ni pg_dump ń lọ sórí àpótí, lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ mo máa ń mú ọ̀kan nínú wọn, mo ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù mi kí n rí i pé ó pé. Ẹni tó bá jẹ́ dandan fún pé orí àpótí ni, kó wo iSCSI, ṣe ló máa dà bíi pé inú sáfà ni dísìkì wà, ọ̀rọ̀ ta ló ni fáìlì ò ní sí mọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo SQLite, dátábéèsì tó jẹ́ fáìlì kan, ẹ má gbé tiyín dé orí NFS rárá.

Mo fún àpótí yìí ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún fún fáìlì àti bákọ́ọ̀pù, mo sì máa ra irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá iná tún lọ, ó dé láàárọ̀, wọ́n ti ta paracetamol àkọ́kọ́ kí àpótí tó tàn tán.